Ṣíbí Kan Péré

Ṣíbí kan péré. Gbogbo wọn ló sọ bẹ́ẹ̀. Bàbá olóògbé sọ bẹ́ẹ̀, ìyàwó olóògbé sọ bẹ́ẹ̀, ọ̀rẹ́ tí òun àti olóògbé jọ ń gbé irin náà sọ bẹ́ẹ̀. Ìwé tí dókítà fi ránṣẹ́ láàárọ̀ yìí nìkan ni kò bá wọn sọ ọ́. Ìwé ní mẹ́fà ni.

Màmá Jẹ́jẹ́ ka ìwé náà tán, ó bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀, ó fi àtàǹpàkò nu ojú. Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ni obìnrin yìí. Ọdún kọkànlélọ́gbọ̀n rẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ rèé, ó sì ku oṣù mẹ́ta kó fẹ̀yìn tì. Orúkọ tí wọ́n ń pè é yìí kì í ṣe orúkọ àbísọ o. Ìrìn rẹ̀ ni wọ́n fi sọ ọ́, torí orúnkún rẹ̀ méjèèjì ti ń dùn ún láti ọjọ́ tó ti pẹ́. Kì í yára jókòó, kì í yára dìde, kì í sì í yára gba ẹnikẹ́ni gbọ́. Ó ti rẹ̀ ẹ́. Kì í ṣe irú àárẹ̀ tí oorun ń wò. Ó ti rẹ̀ ẹ́ láti máa gbọ́ ikú ọmọ ọlọ́mọ kó tó jẹun àárọ̀.

"Màmá, ọ̀rọ̀ ti yanjú," ni sájẹ́ǹtì wí. Ọkùnrin tí ikùn rẹ̀ máa ń wọlé ṣáájú rẹ̀ ni. Kì í ṣe ènìyàn burúkú, ìkánjú ló ń bá a jà. "Aago méjì ọ̀sán ni ọkọ̀ kóòtù máa gbéra. Mo ti kọ orúkọ ìyàwó yẹn mọ́ àwọn tó ń lọ."

"Aago mélòó ló lù báyìí?"

"Mẹ́sàn-án kọjá díẹ̀."

"Tó bá dé kóòtù, ṣé a lè pè é padà?"

"Rárá o. Ó ti bọ́ lọ́wọ́ wa nìyẹn. Ẹ̀wọ̀n ló ti máa dúró de ìgbẹ́jọ́, ìyẹn á sì tó ọdún kan."

"Ọmọ ọwọ́ rẹ̀ jẹ́ ọmọ oṣù mélòó?"

Sájẹ́ǹtì wo ilẹ̀. "Oṣù méje."

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe jẹ́, kó má di pé mo ti lọ jìnnà tí ẹ ṣì ń wá mi kiri. Ọkùnrin kan wà tí wọ́n ń pè ní Eléjìká. Irin gbígbé ni iṣẹ́ rẹ̀, bàbá rẹ̀ ló sì kọ́ ọ. Bàbá Irin ni tọmọdé tàgbà ń pe bàbá náà, òun ló ni ilé tí àwọn ọkùnrin ti ń gbé irin. Ìdíje ńlá kan ku ọ̀sẹ̀ méjì. Ìyàwó Eléjìká, tó jẹ́ aránṣọ, wá ra agolo páúdà tuntun kan fún ọkọ rẹ̀, páúdà pupa, irú èyí tí wọ́n ń mu kí wọ́n tó gbé irin. Ohun tó wà nínú kọfí tó ń lé oorun lọ, ó wà nínú páúdà yìí, ó sì pọ̀ ju ti kọfí lọ. Láàárọ̀ ìjẹta, Bàbá Irin pò ó fún ọmọ rẹ̀ nínú ike omi. Ọmọ mu ún. Ó gbé irin tí kò gbé rí láti ọjọ́ tó ti dáyé, gbogbo ilé pàtẹ́wọ́ fún un. Lẹ́yìn náà ó lọ jókòó sínú dúrọ́ọ̀mù omi yìnyín, bó ti máa ń ṣe kí ara má baà máa ro ó lọ́jọ́ kejì. Kò tíì tó ìṣẹ́jú méjì tí orí rẹ̀ fi wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Kí wọ́n tó fà á jáde, ẹ̀pa ò bóró mọ́.

Dókítà ní ọkàn rẹ̀ ló dúró. Páúdà ń lé ọkàn náà sáré, omi tútù sì ká a mọ́ lójijì, ọ̀kan ń tì í, èkejì ń fà á. Ṣùgbọ́n ṣíbí kan kò tó ohun tó lè ṣe irú èyí fún géńdé tí ara rẹ̀ le, ó ní. Ohun tí àwọn bá nínú ara òkú tó ṣíbí mẹ́fà.

"Ìṣirò ọmọ kékeré ni, Màmá," ni sájẹ́ǹtì tún wí. "Bàbá Irin bu ẹyọ kan lójú gbogbo ènìyàn. Ta ló bu márùn-ún yòókù? Ìyàwó ló ra agolo. Ìyàwó ló ṣí i nílé kó tó gbé e lọ. Ìtẹ̀ka ìyàwó ló wà lára ìdérí. Ó ti bu márùn-ún sínú ike omi ọkọ rẹ̀ láti ilé nìyẹn. Àwọn tí wọ́n jọ ń gbé ilé tiẹ̀ gbọ́ tó ń pariwo lọ́sẹ̀ tó kọjá pé irin yìí ló máa pa á."

"Ìyàwó tìẹ ńkọ́? Kí ló máa ń sọ nípa ikùn rẹ?"

Sájẹ́ǹtì fọwọ́ bo ikùn. "Ìyẹn yàtọ̀, Màmá."

"Ó yàtọ̀ lóòótọ́. Gbé ìwé àwọn ẹrù tí o bá níbẹ̀ wá."

Ó gbé e wá. Ìlà mẹ́ta péré ni: agolo páúdà kan, ike omi kan, ṣíbí kan tó so mọ́ igi. Màmá Jẹ́jẹ́ fi ìka tẹ ìlà kẹta.

"Ẹyọ kan náà ni o bá?"

"Ẹyọ kan ṣoṣo. Ó wà lórí ìṣó lẹ́gbẹ̀ẹ́ dúrọ́ọ̀mù. Mo fi í sílẹ̀ níbẹ̀, mo kàn kọ ọ́ sílẹ̀ ni."

Màmá Jẹ́jẹ́ dìde díẹ̀díẹ̀, orúnkún rẹ̀ ké, ó sì ní kí wọ́n mú ìyàwó náà wá.

*

Wọ́n mú un wọ yàrá kékeré tó ní tábìlì kan àti àga méjì. Kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún. Ó ti sunkún débi pé omi ojú ti tán, iwájú aṣọ rẹ̀ sì ti tutù ní ọ̀tún àti òsì. Ọmú ń kún, ọmọ kò sí nítòsí. Màmá Jẹ́jẹ́ bọ́ gèlè ara rẹ̀, ó nà án sí i kó fi bo àyà.

"Ẹ ṣé, Mà. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ọmọ mi ń jẹun?"

"Ó wà lọ́dọ̀ bàbá ọkọ rẹ."

"Mo mọ̀. Bàbá ní n kò ní fojú kàn án mọ́ láyé. Lójú gbogbo ènìyàn ni wọ́n ti sọ ọ́."

"Jẹ́ ká sọ ti agolo. Kí ló dé tí o fi ṣí i nílé?"

"Ẹ̀ẹ̀kan rí, mo ra èyí tó ti dì bí òkúta. Bàbá fi mí ṣẹ̀sín títí, wọ́n ní ojú mi kò mọ ohun rírà. Ìdí nìyẹn tí mo fi ṣí èyí wò. Kò dì. Mo dé e padà."

"O ò bu nǹkan kan nínú rẹ̀?"

"Kí ni màá fi bù ú, Mà? N kò tiẹ̀ rí ṣíbí kankan níbẹ̀. Páúdà ló tẹ́ pẹrẹsẹ."

Ọwọ́ Màmá Jẹ́jẹ́ dúró lórí ìwé. "Tún un sọ."

"N kò rí ṣíbí kankan. Ó tẹ́ pẹrẹsẹ bí ìyẹ̀fun tí wọ́n fi ọwọ́ tẹ́."

"Ta ló sọ fún Bàbá pé ṣíbí kan ni kí wọ́n bù?"

"Èmi ni. Ó wà lára agolo, ṣùgbọ́n lẹ́tà rẹ̀ wẹ́wẹ́, ojú Bàbá kì í rí i. Mo kà á sí wọn létí. Mo ní, 'Bàbá, ẹyọ kan péré o, èyí kì í ṣe páúdà wàrà tí ẹ máa ń bu méjì.' Wọ́n ní àwọn ti gbọ́."

"O sì sọ fún ọkọ rẹ pé irin á pa á."

Obìnrin náà gbójú sókè. "Mo sọ ọ́. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, n kò sẹ́. Alẹ́ mẹ́ta ni ẹ̀yìn kò jẹ́ kó sùn, mo wá fi ìbínú sọ̀rọ̀. Ta ló ń sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ fún ẹni tó wù ú kó kú? Ẹni tí a kò bá fẹ́ kó kú là ń sọ ọ́ fún."

Màmá Jẹ́jẹ́ mọ̀ pé òótọ́ ni. Òun náà ti sọ ọ́ fún ọkọ tòun rí, nípa sìgá. Ọkọ náà sì kú lóòótọ́. Ó pa ìwé dé.

*

Ilé irin náà jẹ́ yàrá gígùn kan tí wọ́n fi páànù bò. Òórùn òógùn àti irin tó ti dípẹtà ló kí wọn káàbọ̀. Kò sẹ́ni tó ń gbé nǹkan kan. Lórí pẹpẹ tí Eléjìká máa ń fẹ̀yìn lélẹ̀ sí láti ti irin sókè, ọmọ rẹ̀ ló sùn síbẹ̀ lórí táwẹ́ẹ̀lì tí wọ́n ṣẹ́ po. Bàbá Irin jókòó tì í, ó fi ọwọ́ kan lé e kó má baà yí ṣubú. Ó ti tó ẹni àádọ́rin ọdún, ṣùgbọ́n èjìká rẹ̀ ṣì kún àyè.

"Bàbá, ẹ kú ìrọ́jú. Ọlọ́run á tu yín nínú."

"Ẹ ṣé, ìyá. Ṣé wọ́n ti gbé e lọ kóòtù?"

"Ó di aago méjì."

"Aago méjì ti jìnnà jù." Kò gbójú sókè. "Ẹni tí a ní kó kín wa lẹ́yìn, ẹ̀gún ló fi sọ́wọ́. Ọmọ mi kan ṣoṣo ni, ìyá. Ẹyọ kan ni mo bí."

Màmá Jẹ́jẹ́ yíjú sí ọkùnrin kejì, tó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, tó ń di bándéèjì mọ́ ọrùn ọwọ́, tó tún ń tú u. Kọ́ńkéré ni wọ́n ń pe ìyẹn. Òun ló ń tẹ̀ lé Eléjìká nínú agbára. Bí Eléjìká kò ṣe sí mọ́ yìí, òun ló kàn láti lọ sí ìdíje. Láti àná ni ọ̀rọ̀ yẹn ti ń rìn ní ọkàn Màmá Jẹ́jẹ́.

"Ìwọ ni wọ́n máa mú lọ ìdíje báyìí."

"N kò lọ mọ́, Mà."

"Ta ló da yìnyín sómi lọ́jọ́ náà?"

"Èmi ni. Mẹ́wàá, bó ti máa ń rí."

"Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé kì í ṣe ogún?"

Kọ́ńkéré dìde, ó mú un lọ sí ojú fèrèsé. Agolo páúdà wàrà tó ti ṣófo, irú èyí tí wọ́n ń mu kí iṣan lè dàgbà, ló tò síbẹ̀, wọ́n da ojú wọn dé kí wọ́n lè gbẹ. Inú wọn ni wọ́n ń rọ omi sí kó dì. Màmá Jẹ́jẹ́ kà wọ́n: mẹ́wàá. Ó ṣí firísà, ó fi ọwọ́ wọn inú rẹ̀. Agolo mẹ́wàá ló lè gbà, kò lè gba ìkọkànlá.

"Ìwọ náà ń wọ omi yìí?"

"Mo ti jáwọ́ láti ọdún tó kọjá. Mo kà á níbì kan pé lóòótọ́ ló ń mú ara ríro rọlẹ̀, ṣùgbọ́n tí ènìyàn bá ń wọ̀ ọ́ ní gbogbo ìgbà tó bá ti gbé irin tán, kì í jẹ́ kí iṣan dàgbà tó bó ṣe yẹ. Mo sọ fún Bàbá. Wọ́n ní ọgbọ̀n ọdún làwọn fi wọ̀ ọ́, pé ìlara ọmọ àwọn ló ń pa mí."

"Ṣé o sọ fún Eléjìká?"

Kọ́ńkéré rẹ ohùn sílẹ̀. "Òun àti èmi la jọ kà á. Mo bẹ̀ ẹ́ títí kó fi í sílẹ̀. Ó ní, 'Bàbá mi ló ń jí ní ìdájí wá pọn omi yẹn. Báwo ni mo ṣe máa sọ fún un pé kó má pọn ọ́n mọ́?'"

Ojú rẹ̀ pọ́n, ó yí i sẹ́gbẹ̀ẹ́. Sájẹ́ǹtì súnmọ́ Màmá Jẹ́jẹ́, ó ń sọ̀rọ̀ sí i létí. "Màmá, eléyìí náà o. Òun ló máa jèrè ikú yẹn."

"Ronú, ọmọ mi. Omi tútù ń mú kí agbára ẹni tó ń bá a du ipò má lè pọ̀ tó bó ṣe yẹ. Tó bá jẹ́ pé ibi ló fẹ́ fún un, ṣe ló yẹ kó máa rọ̀ ọ́ pé kó máa wọ̀ ọ́. Ẹni tó fẹ́ kí o ṣubú kì í júwe òkúta fún ọ. Yọ tirẹ̀ kúrò."

Ó ti kọjá aago méjìlá. Orúnkún ń ta á. Ó wo ìṣó tó wà lókè dúrọ́ọ̀mù àti ohun tó so rọ̀ mọ́ ọn, ó sì wò ó pẹ́. Òye ti yé e. Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ràn ìtàn báyìí, ẹ lè rò pé inú ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ máa ń dùn nígbà tí òye bá yé e. Inú tirẹ̀ kò dùn rárá. Ìbá wù ú kó tún padà sí àìmọ̀.

*

"Sájẹ́ǹtì, gbé agolo yẹn síbí. Òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn oúnjẹ wọn ńkọ́?"

Kọ́ńkéré gbé òṣùwọ̀n wá. Màmá Jẹ́jẹ́ bọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà, ó tú agolo nínú ọ̀rá ọlọ́pàá, ó ka ara rẹ̀ sókè: ọ̀ọ́dúnrún gíráàmù ni páúdà inú rẹ̀ nígbà tí wọ́n tà á, ṣíbí kan sì jẹ́ gíráàmù márùn-ún. Wọ́n wọ̀n ọ́n, wọ́n yọ ìwọ̀n agolo òfìfo, tí wọ́n kọ sára rẹ̀ náà, kúrò. Ó ku igba ó lé àádọ́rin.

"Kí ló dín?"

"Ọgbọ̀n," ni sájẹ́ǹtì wí. "Mẹ́fà lọ́nà márùn-ún. Ohun tí mo ti ń sọ náà nìyẹn, Màmá."

"Kọ ọ́ sílẹ̀. Ọgbọ̀n ni gbogbo ohun tó tíì kúrò nínú agolo yìí láti ìgbà tí wọ́n ti rọ ọ́. Má gbàgbé." Ó yíjú. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ forí jì mí. Ẹ bá mi ṣe é bí ẹ ṣe ṣe é lọ́jọ́ náà, láti ìbẹ̀rẹ̀."

Kọ́ńkéré wá dúró ti ọmọ. Bàbá Irin dìde, ó lọ síbi dúrọ́ọ̀mù. "Omi ni mo kọ́kọ́ máa ń wò." Ó ri ọwọ́ méjèèjì bọ omi títí dé ìgbúnwọ́, ó fi rò ó, ó yọ wọ́n. Omi ń kán sílẹ̀. Kò wo òkè rárá. Ó kàn na ọwọ́ síbi ìṣó, ó mú ṣíbí náà, bí ènìyàn ṣe ń mú ìlẹ̀kùn ilé ara rẹ̀ nínú òkùnkùn. Ṣíbí ike funfun ńlá ni, wọ́n fi okùn dì í mọ́ igi tó gùn tó apá.

"Kí ló dé tí igi rẹ̀ fi gùn báyìí, Bàbá?"

"Kí omi ọwọ́ mi má baà kan páúdà. Bó bá kàn án, á dì. Ọdún keje rèé tí mo ti ń lò ó. Òun ni mo fi po ti ọjọ́ tí ọmọ mi kọ́kọ́ gba ife ẹ̀yẹ, n kò pààrọ̀ rẹ̀ mọ́." Ó ri ṣíbí bọ agolo, ó bù ú kún, ó fi etí agolo gé orí rẹ̀ tẹ́. Ó gbé e sókè kí gbogbo wọn rí i. "Ẹyọ kan. Ẹyọ kan péré, bí wọ́n ṣe ní kí n ṣe. N kò fi kún un."

"Mo mọ̀, Bàbá. Ẹ dà á sórí òṣùwọ̀n."

Ó dà á. Nọ́ńbà sáré, ó dúró.

Sájẹ́ǹtì tẹ̀ síwájú, ó wò ó, ó tún tẹjú mọ́ ọn. "Ọgbọ̀n," ó wí, ohùn rẹ̀ kò sì le mọ́.

"Bí Bàbá nìkan bá bu ọgbọ̀n," ni Màmá Jẹ́jẹ́ bi í, "kí ló kù tí ìyàwó bù?"

"Kò sí, Mà."

Bàbá Irin ń wò wọ́n, láti orí ẹnì kan sí ẹnì kejì. "Kí lẹ ń sọ? Ẹyọ kan ni mo bù."

Ẹ gbọ́, àkókò kan wà níbẹ̀ tí Màmá Jẹ́jẹ́ fẹ́ parọ́. Irọ́ náà ti wà lẹ́nu rẹ̀: páúdà ló bàjẹ́, ẹni tó ṣe é ló jẹ̀bi, ẹ lọ sinmi, Bàbá. Àárẹ̀ ló fẹ́ fi parọ́ ọ̀hún. Ó wá rántí iwájú aṣọ tó tutù. Bí bàbá yìí kò bá fi ojú ara rẹ̀ rí i, títí ayé ló máa fi máa wo ìyàwó ọmọ rẹ̀ bí apànìyàn, kò sì ní gbé ọmọ náà sílẹ̀ fún un.

Ó ká apá aṣọ sókè. Ó ti ọwọ́ bọ inú agolo, ó wa páúdà náà lọ sísàlẹ̀, ó wa ẹ̀gbẹ́ kan, ó wa ẹ̀gbẹ́ kejì. Nígbà tó yọ ọwọ́, ṣíbí ike kékeré kan ló mú jáde. Kò ju ìdérí ike omi lọ. Páúdà kún inú rẹ̀ fọ́fọ́, ó ti kì mọ́ ọn láti ibi tí wọ́n ti ṣe é. Kò sẹ́ni tó tíì fọwọ́ kàn án.

"Kí nìyẹn?" ni Bàbá Irin béèrè.

"Ṣíbí rẹ̀ ni, Bàbá. Èyí tí wọ́n ní kí ẹ fi bu ẹyọ kan."

"Èmi mọ ṣíbí agolo. Mo máa ń rí wọn nísàlẹ̀ bí páúdà wàrà bá tán, mo sì ń dà wọ́n nù. Bákan náà ni gbogbo wọn ṣe máa ń tóbi. Bí eléyìí tó wà lọ́wọ́ mi ni..."

Ó na ọwọ́. Màmá Jẹ́jẹ́ gbọn páúdà inú ṣíbí kékeré náà sínú agolo, ó gbé e lé e lọ́wọ́. Bàbá fi bu páúdà tó wà lórí òṣùwọ̀n, ó dà á sínú ṣíbí ńlá. Ó ní, "Ọ̀kan." Ó tún bù ú. "Méjì." Ó ń dà á dànù, ó ń fi ìka kó o jọ. "Mẹ́ta. Mẹ́rin." Sájẹ́ǹtì ní, "Bàbá, ó ti tó." Kò gbọ́. "Márùn-ún." Nígbà tí ìkẹfà wọ inú rẹ̀, ṣíbí ńlá náà kún dé etí, ó tẹ́ pẹrẹsẹ.

Bàbá Irin jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ọmọ jí lórí pẹpẹ, ó bú sẹ́kún, kò sì sí ẹnikẹ́ni nínú wọn tó tètè rántí láti gbé e.

Lẹ́nu ọ̀nà, sájẹ́ǹtì fa Màmá Jẹ́jẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Òógùn ti bò ó. "Màmá, ta la wá máa tì mọ́lé báyìí?"

"Fáìlì. Fáìlì ni kí o lọ tì. Kò sẹ́ni tó pa ẹnikẹ́ni níbí. Wo aago rẹ."

Aago méjì ku ogún ìṣẹ́jú.

*

Nígbà tí ọkọ̀ wọn, tí Bàbá Irin gbé ọmọ jókòó sí, yà wọ àgọ́ ọlọ́pàá, wọ́n ti ṣílẹ̀kùn ẹ̀yìn ọkọ̀ kóòtù. Àwọn mẹ́ta ti wà nínú rẹ̀. Ìyàwó Eléjìká ni ìkẹrin, ó ti gbé ẹsẹ̀ kan lé àtẹ̀gùn, ó di báàgì kékeré kan mú, gèlè Màmá Jẹ́jẹ́ sì wà láyà rẹ̀ síbẹ̀. Sájẹ́ǹtì fò sílẹ̀ kí ọkọ̀ tó dúró. N kò mọ̀ pé ọkùnrin tó sanra tó yẹn lè sáré. "Ẹ dúró! Ẹ má gbé ìyẹn lọ! Ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀!"

Obìnrin náà yíjú, ó rí ọmọ rẹ̀ ní àyà bàbá ọkọ rẹ̀. Ó gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí àtẹ̀gùn, ṣùgbọ́n kò sún mọ́ wọn. Ó ti bẹ̀rù bàbá náà.

Bàbá Irin ló rìn lọ bá a. Ní iwájú ọlọ́pàá, ní iwájú àwọn tó wà nínú ọkọ̀, ó na ọmọ sí i.

"Ìyàwó mi, èmi ni. Ṣíbí tèmi ni mo fi bù ú. Ẹ̀gún tí mo ní o fi sọ́wọ́, ọwọ́ mi ló wà. Èmi ni mo pa ọmọ mi."

Obìnrin náà kò bi í pé ṣíbí wo. Òun náà ti fọ ṣíbí yẹn láìmọye ìgbà, ó mọ bó ṣe tóbi tó. Ó rí i lójú rẹ̀ báyìí, lórí igi rẹ̀, ó sì fi ọwọ́ bo ẹnu. Lẹ́yìn náà ó gba ọmọ. Ọmọ ti ń fi orí wá ọmú kó tó dé àyà rẹ̀. Ó kọ ẹ̀yìn sí gbogbo wọn, ó sì fún un lọ́mú ní òòró gangan, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ kóòtù. Àwọn ọlọ́pàá ń wo ibòmíràn. Bàbá Irin dúró síbẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì ṣófo, kò mọ ibi tó máa kó wọn sí.

Obìnrin náà sọ̀rọ̀ láì bojú wẹ̀yìn.

"Bàbá, ṣé kò sọ pé ó korò ni?"

"Ó sọ ọ́." Ohùn Bàbá kò jáde dáadáa. "Ó ní, 'Bàbá, ó korò lónìí o.' Mo ní ohun tó bá máa ṣe ara lóore, kíkorò ló máa ń korò."

"Ó sì mu ún tán?"

"Ó mu ún tán."

"Ó mu ún tán torí pé ẹ̀yin lẹ pò ó."

Màmá Jẹ́jẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ náà níbi tó dúró sí. Pẹ̀lú gbogbo ọdún tó ti fi ń ya òótọ́ kúrò lára irọ́, kò lè ya èyí: kò mọ̀ bóyá ìdáríjì ni tàbí ìdájọ́. Bàbá Irin náà kò mọ̀. Ó kàn tẹrí ba, èjìká ńlá yẹn ń mì.

Obìnrin náà gbé ọmọ sí èjìká, ó ń lù ú lẹ́yìn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ kó lè gùnfẹ̀. Ó bọ́ gèlè, ó ṣẹ́ ẹ po dáadáa bí aránṣọ, ó dá a padà fún Màmá Jẹ́jẹ́, ó kúnlẹ̀ dúpẹ́. Lẹ́yìn náà ó wo báàgì tó wà nílẹ̀, ó wo àgbàlagbà tó dúró tì í.

"Bàbá, ẹ bá mi gbé báàgì yẹn. Ọmọ á fẹ́ sùn tí a bá délé."

Bàbá Irin bẹ̀rẹ̀, ó gbé e. Ọwọ́ méjèèjì ló fi dì í mú. Ó jẹ́ kí ìyàwó ṣáájú, ó sì tẹ̀ lé e jáde ní géètì.